Ẹni Tó Mú Òbúkọ Náà

“Ngatini, ọkùnrin tó mú òbúkọ rẹ lánàá ò tíì jáde o.”

Ìyá Tumari sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ yá iyọ̀. Ó gbé fúláàsì omi atalẹ̀ tó ń tà kalẹ̀ sórí iyanrìn. Ẹsẹ̀ ẹṣin ló ń wò, kò wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ngatini ń fún okùn gàárì lọ́wọ́ nígbà náà. Obìnrin àlejò kan tó wá láti ìlú Surabaya ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú irin gàárì, ó ń retí kí wọ́n ti òun gun ẹṣin.

“Kò tíì jáde níbo, Ìyá?”

“Nínú ẹnu òkè. Láti àná.”

“Àwọn aláwọ̀n a máa sùn síbẹ̀ nígbà mìíràn.”

“Gbogbo wọn ti sọ̀kalẹ̀ kí ilẹ̀ àná tó ṣú. Òun nìkan ló kù. Alùpùpù rẹ̀ ṣì wà nídìí àtẹ̀gùn lọ́hùn-ún, eérú ti bò ó. Àwọn tí wọ́n jọ wá rò pé ó ti bá ọkọ̀ àwọn alálùbọ́sà lọ.” Ó mi fúláàsì náà, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ṣì kù nínú rẹ̀. “Kò bá ọkọ̀ kankan lọ. Wọ́n fi ọ̀pá gbá a lórí ni, ó sì yí lọ sísàlẹ̀.”

“Ta ló gbá a?”

“Ọkọ ọmọ mi wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe. Àná ló yẹ kó sọ ọ́. Ojo ni, ó lọ ki orí bọ abẹ́ aṣọ. Àárọ̀ yìí ló tó sunkún fún mi bí ọmọ ọwọ́.”

“Ìyá, mo ní ta ló gbá a?”

“Bàbá Puji ni.”

Bàbá Puji ni ọkọ Ngatini. Karsono ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Puji, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ ní abúlé Wanakersa.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a máa lọ àbí a ò ní lọ?” àlejò náà bèèrè. “Ẹsẹ̀ ń ro mí.”

“Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ sọ ẹsẹ̀ yín kalẹ̀. Ẹṣin yìí ò ní gbé yín lọ mọ́.”

Obìnrin náà bú u. Èébú àwọn ará Surabaya dùn-ún gbọ́ bí kì í bá ṣe ìwọ ni wọ́n ń bú, ṣùgbọ́n Ngatini kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára òkè. Èéfín tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ yìí kò funfun bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó dúdú nísàlẹ̀, ó sì ń yára gòkè bí ẹni tí wọ́n lé.

Àná ni Kasada, ọjọ́ tí wọ́n ń fún òkè ní ẹ̀bùn. Gbogbo abúlé tó yí Bromo, òkè oníná yìí, ká ló ti gun àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú kábéèjì, àlùbọ́sà, àgbàdo àti adìyẹ, wọ́n sì ju gbogbo rẹ̀ sẹ́nu òkè. Ngatini ju òbúkọ. Ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ nígbà tí Puji ń wú ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀, tí dókítà ìsàlẹ̀ ń wolẹ̀ bó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ létí ẹnu òkè nínú òjò, ó ní, “Bí ọmọ yìí bá tún fi ohùn tó já gaara pè mí ní Ìyá, akọ àkọ́kọ́ tí ewúrẹ́ mi funfun bá bí, tiyín ni.” Puji pè é. Ewúrẹ́ náà sì bí akọ.

Òbúkọ náà dàgbà, ó ki pọ́pọ́, ìwo rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Karsono a máa dúró tì í ní ìrọ̀lẹ́, á máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn. “Ẹran báyìí, ká jù ú síná? Ìyá Puji, màá dúró nísàlẹ̀ màá bá ọ gbá a mú.” Ngatini rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àwàdà ló pè é. Ohun tí wọ́n bá jù sẹ́nu òkè, ẹni tó bá fi àwọ̀n hán an ló ni ín. Àwọn aláwọ̀n, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará ìsàlẹ̀, a máa dúró sára ògiri inú ihò náà, wọ́n a na àwọ̀n sókè lórí ọ̀pá, wọ́n a sì máa hán adìyẹ lójú òfurufú. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí wọn. Òkè ti rí ẹ̀bùn náà, ó tó. Ṣùgbọ́n ará ilé ẹni kì í dúró sábẹ́ ẹ̀jẹ́ ẹni. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó rántí láti kà á léèwọ̀.

Lánàá, Karsono ní ẹ̀yìn ń dun òun, òun á dúró sílé. Ngatini dá nìkan fa òbúkọ náà gòkè. Ó jù ú, ó sì yíjú padà bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, kò wo ibi tó balẹ̀ sí. Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ti fi aṣọ wé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. “Okùn ẹṣin ló bó mi lọ́wọ́,” ó ní. Ngatini gbé omi gbígbóná fún un. Irun orí Karsono ń rùn bí imí ọjọ́, Ngatini sì sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ohun tí kì í rùn bẹ́ẹ̀ ní Wanakersa, títí kan ìrọ̀rí.

“Òbúkọ náà ńkọ́?” ó bi Ìyá Tumari báyìí.

“Ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà. Aṣọ pupa tó o so mọ́ ọn níwo ṣì wà lórí rẹ̀.”

“Ọkùnrin náà ńkọ́? Ṣé ó ti kú?”

“Ọkọ ọmọ mi ní ó ṣì ń ké nígbà tí àwọn sá kúrò níbẹ̀.”

Ngatini fò sórí ẹṣin rẹ̀, ó sì fi gìgísẹ̀ gbá a nínú. Kliwon, ẹṣin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé àlejò rìn wọ́ọ́wọ́ọ́, kọ́kọ́ dúró bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló sáré.

*

Ọ̀gá Wiyono, ẹ̀ṣọ́ ọgbà ìjọba tó yí òkè náà ká, ló bá lórí àtẹ̀gùn níbi tó ti parí sétí ẹnu òkè. Ó ń ta okùn dí ọ̀nà. Àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ lórí àtẹ̀gùn yìí kan náà ni.

“Padà, Ìyá Puji. A ti ti ibí yìí pa. Inú òkè ò dùn láti ìdájí.”

“Ẹnì kan wà nísàlẹ̀, Ọ̀gá. Aláwọ̀n ni.”

“Kò sẹ́nì kankan. Mo ti pariwo, mo ti fọn fèrè.”

“Ṣé ìgbà tí òkè ń bú ni?”

Ọ̀gá Wiyono nu eérú kúrò lójú. “Ta ló sọ fún ọ pé ẹnì kan wà níbẹ̀?”

Orúkọ náà ti dé ẹnu Ngatini kó tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Karsono ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì-lẹ́ẹ̀mejì, ìborùn rẹ̀ wé mọ́ ọrùn, kò dà bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dun rárá. Ó gbá a lápá mú, ó wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí ẹ̀ṣọ́ náà kò ti ní gbọ́ wọn.

“Ojo yẹn ti sọ̀rọ̀, àbí?”

“Òótọ́ ni?”

“Ẹran wa ló gbé. Mo ní kó fi sílẹ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n lọ bi òkè bóyá ó mọ̀ mí. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi!”

“Òun ló mú un, Bàbá Puji. Tirẹ̀ ni.”

“Mo ní ẹran wa ni!” Karsono wò yíká, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Gbọ́ mi. Ó ti kú báyìí. Kò sẹ́ni tó ń sun inú ibẹ̀ mọ́jú. Òkè ti mú un. Ó sì sàn ju òbúkọ lọ, àbí kò sàn jù ú? Ẹ̀jẹ́ rẹ ti pé, ó tún lé. Lọ sílé, kí o lọ gbọ́ oúnjẹ ọmọ rẹ.”

Bó ti sọ ọ́ yìí, ó dà bí ẹni pé ó gbà á gbọ́. Ìyẹn ló ba Ngatini lẹ́rù ju ohun tó ṣe lánàá lọ.

“Òkè ò bèèrè ènìyàn lọ́wọ́ mi,” ó ní.

Karsono gbá a létí. Aṣọ tó wé mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó dún, ṣùgbọ́n ètè Ngatini là, ẹ̀jẹ̀ sì bá eérú pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá Puji! Kí nìyẹn?” Ọ̀gá Wiyono ń tiro bọ̀.

“Ìyàwó mi ni.”

“Èmi ò bi ọ́ pé ta ni. Mo ní kí nìyẹn?”

Nígbà náà ni òkè dákẹ́. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn láàárín èémí kan àti òmíràn, ìdákẹ́jẹ́ tó ń mú kí ẹṣin gbé etí sókè. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ẹnì kan ń fi nǹkan lu abọ́ irin nísàlẹ̀.

Ojú Karsono funfun ju eérú lọ.

“Olúwa mi,” ni Ọ̀gá Wiyono wí. Ó fa wọkitọ́kì yọ, ó pariwo sínú rẹ̀. Àwọn agbẹ̀mílà ní Probolinggo dá a lóhùn pé ó di ọ̀sán kí àwọn tó dé, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ó pa á. Ó wo èéfín, ó wo orúnkún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí tí okùn ọgbà wà nínú rẹ̀.

“Kò ní dọ̀sán kí òkè yìí tó sọ̀rọ̀,” ó ní. “Irin ìdènà tó wà létí ihò yìí ti dípẹtà, imí ọjọ́ ti jẹ ẹ́ tán, a ò lè so okùn mọ́ ọn. Ènìyàn méjì ló máa fà á. Ẹnì kan ló máa sọ̀kalẹ̀. Èmi ò lè sọ̀kalẹ̀.”

“Èmi ni màá lọ,” Karsono sọ kíá.

Ngatini wo ojú rẹ̀. Ó ti bá ojú yẹn gbé, ó mọ bó ti ń rí nígbà tí Karsono bá ń tan ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin. Bó bá sọ̀kalẹ̀ báyìí, òun nìkan ló máa padà gòkè, á sì máa sunkún, á ní òun bá a ní òkú. Bí Ngatini bá sì là á mọ́lẹ̀ fún Ọ̀gá Wiyono nísinsìnyí, Karsono á sá, apá àgbàlagbà kan ò sì ní lè fa ènìyàn méjì gòkè. Ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ nílò apá ẹni tó fẹ́ pa á.

“Èmi ni mo fúyẹ́ jù,” ó sọ. “Ẹ̀yin lẹ lágbára jù, Bàbá Puji. Ẹ di okùn mú.”

Ó so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè fèsì.

*

Ògiri náà kò le koko; eérú ni, ó ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ngatini ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn, ó fi ìborùn dí imú, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ẹ̀bùn àná wà káàkiri lára ògiri náà: kábéèjì tó ti fọ́, òdòdó, àgbàdo tí wọ́n so pọ̀, adìyẹ kan tó ti kú tí okùn pupa ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ohun kan ń hó. Kò wò ó.

Orí ìtẹ́lẹ̀ kékeré kan tó yọ síta lára ògiri ló ti rí ọkùnrin náà. Ó jókòó, ó ti fi àwọ̀n di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mọ́ ègé ọ̀pá. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lórí bíi fìlà. Bó ti rí i, ó ju abọ́ irin sílẹ̀, ó gbé ègé ọ̀pá mìíràn sókè.

“Dúró níbẹ̀! Ọlọ́run, màá fọ́ orí rẹ!”

“Mo wá gbé yín gòkè ni.”

“Ẹ̀yin ará òkè, mo ti rí bí ẹ ti ń gbé ènìyàn.”

“Kí lorúkọ yín?”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Kí n lè mọ ohun tí màá máa pè yín bí mo bá ń bẹ̀ yín.”

Ọ̀pá náà wálẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin tó ń lọ sí ogójì ọdún ni, ọwọ́ rẹ̀ le bíi ti àwọn tó ń ru àlùbọ́sà. “Hosnan,” ó ní. “Ìwọ lo ni òbúkọ yẹn?”

“Èmi ni mo jù ú.”

“Ó mọ ènìyàn ta ní ìpá. Egungun ìhà mi kan ti lọ kí ọkùnrin yẹn tó kàn mí rárá.” Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ó sì dẹ́kun torí pé ó dùn ún. “Mo jẹ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ òkè yín mọ́jú. Bóyá ìdí tó fi ń bínú nìyẹn.”

“Tiyín ni. Ẹni tó bá rí i ló ni ín.”

Ngatini kúnlẹ̀ tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn kó lè gba ènìyàn méjì. Hosnan gbójú sókè. Láti ìsàlẹ̀ yìí, orí méjì péré ló hàn létí ihò náà, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú.

“Ta ló di okùn yìí mú?”

“Ẹ̀ṣọ́ ọgbà.”

“Àti ta?”

Kò fẹ́ parọ́ fún un. “Ọkọ mi.”

“Èyí tó fi ọ̀pá gbá mi nítorí òbúkọ yẹn?”

“Òun ni.”

Hosnan fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. “Fi mí sílẹ̀ síbí. Á jù mí sílẹ̀. Àná ló yẹ kó ti parí rẹ̀, á kàn jù mí sílẹ̀, á ní ọwọ́ òun yọ̀.”

“Okùn kan náà ni màá so wá mọ́. Bó bá jù yín sílẹ̀, ó ju èmi náà.”

“Ó dá ọ lójú pé kò ní jù ọ́?”

“Rárá,” Ngatini wí, ó sì so okùn náà.

Ohun tó tẹ̀lé e kò ní ìró lákọ̀ọ́kọ́. Ilẹ̀ ló gbé wọn sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ìtẹ́lẹ̀ náà láti abẹ́. Lẹ́yìn náà ni òkè bú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná gbá Ngatini mọ́ àyà Hosnan. Òkúta fò kọjá lórí wọn lọ sókè, dúdú, pupa létí, wọ́n sì tún ń padà bọ̀, wọ́n ń balẹ̀ pẹ̀lú ìró bí ẹni tó ń ju àpò ìrẹsì láti orí ọkọ̀. Ọ̀kan bọ́ sórí abọ́ irin náà, abọ́ náà sì di pẹlẹbẹ.

“Ẹ fà!” Ngatini ké. “Bàbá Puji, ẹ fà!”

Okùn náà le. Ó gbé wọn kúrò nílẹ̀. Hosnan ké bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbá ògiri, ó sì bu ìborùn Ngatini jẹ kó má baà ké mọ́. Wọ́n ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, eérú ń ya lé wọn lórí, òkúta ń já lọ́tùn-ún, ó ń já lósì.

Ní ìdajì ọ̀nà, okùn náà dẹ̀ lójijì.

Wọ́n ṣubú ní ìwọ̀n gíga ènìyàn kan. Ngatini gbọ́ igbe ọkùnrin kan lókè. Ó rò ó pé ọkọ òun ti ṣe é. Ó ronú nípa Puji, nípa irun orí rẹ̀ tí òun ò tíì dì láàárọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà okùn náà fa ìbàdí rẹ̀ gidi débi pé èémí rẹ̀ gé, ó sì dúró. Kò sún sókè, kò sún sísàlẹ̀. Wọ́n rọ̀ síbẹ̀.

“Ìyá Puji!” Ohùn Karsono ni, ó ti ya. “Ìyá Puji, ṣé o wà?”

“Mo wà!”

Okùn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

*

Nígbà tí wọ́n dé etí ihò, Ọ̀gá Wiyono ló gbá a ní ẹ̀wù mú tó wọ́ ọ jáde. Karsono dùbúlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti irin ìdènà, okùn wé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀jẹ̀ ti mu aṣọ ọwọ́ náà. Èjìká òsì rẹ̀ ti wọlé, apá náà ń mì lọ bí aṣọ tí wọ́n sá.

“Òkúta ló bà á,” Ọ̀gá Wiyono ní. “Ẹ̀rù bà mí, mo jù ú sílẹ̀. Kí n má parọ́, mo jù ú sílẹ̀. Òun nìkan ló dì yín mú.”

Kò sáyè láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé Hosnan sọ̀kalẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà lápá kan, Ngatini lápá kejì, Karsono ń rìn bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó mutí. Lórí Òkun Iyanrìn, pápá eérú tó yí ẹsẹ̀ òkè ká, àwọn jíìpù ń sáré lọ pẹ̀lú àlejò tó ń ké, ẹṣin tí kò lẹ́ni lórí ń sáré tẹ̀ lé wọn. Kliwon dúró síbi tí Ngatini so ó sí, ó ń gbọ̀n, eérú ti sọ ọ́ di ẹṣin mìíràn. Wọ́n gbé Hosnan sórí gàárì.

“Ẹ dúró síhìn-ín lẹ́yìn àpáta yìí,” ni Ọ̀gá Wiyono wí. “Mo ń lọ mú jíìpù ọgbà wá.” Ó yí padà sí Hosnan. “Arákùnrin, wọ́n á bi mí. Kí ló gbé ọ débẹ̀ yẹn?”

Hosnan wo Karsono. Ó wo Ngatini, ó wo ètè rẹ̀ tó là. Ó gbé ojú sílẹ̀.

“Ẹsẹ̀ mi yọ̀,” ó ní.

Ẹ̀ṣọ́ náà tiro lọ nínú eérú. Eérú ń rọ̀ bí òjò tí kò lómi. Karsono fi ẹ̀yìn ti àpáta, ó rọra jókòó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn.

“O gbọ́ ọ?” ó ní. “Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ti parí. Wá, jẹ́ kí n wo ẹnu rẹ.”

Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tí okùn ti bó, ó fi ìka kan nu ẹ̀jẹ̀ létè rẹ̀. Ó ṣe é jẹ́jẹ́. Ngatini jẹ́ kó nù ún. Láti ìgbà tí okùn náà ti dúró, tí ó sì rọ̀ láàárín iná àti ọ̀run pẹ̀lú èémí àjèjì lọ́rùn rẹ̀, ó ti ń retí kí inú òun rọ̀ sí ọkùnrin yìí, inú rẹ̀ sì rọ̀ sí i lóòótọ́. Òtítọ́ náà kò yí padà síbẹ̀. Hosnan jókòó lórí ẹṣin, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ẹ̀bi òun ni ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ lókè.

Ìró jíìpù ti ń bọ̀.

“Bàbá Puji,” Ngatini wí, “ẹ gbọ́ mi. Bí Ọ̀gá Wiyono bá ti dé, màá sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ gbá ọkùnrin yìí lọ́pá. Ojú yín ni màá ti sọ ọ́, màá sì tún un sọ fún ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà màá lọ tú òbúkọ yẹn lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n yín, màá fà á lọ fún Hosnan, torí òun ló mú un. Èmi àti Puji máa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi lónìí. A ò ní padà.”

Ọwọ́ Karsono ṣì wà lójú òfurufú, níbi tí ètè Ngatini wà tẹ́lẹ̀.

“Ngatini. Mo fà ọ́ gòkè.”

“Ẹ fà mí gòkè,” ó ní. “Màá sọ ìyẹn náà.”